Ewé Búlúù Níwájú Orí Àwọn Ìyá Wa

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Kí n tò ó sílẹ̀. Bóyá ara á fúyẹ́.

Ohun tó bàjẹ́: ẹní ìkírun ogójì tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ àwòrán ewé ìbẹ́pẹ sí, nínú pálọ̀ wa ní Fola Agoro. Aṣọ òwú funfun, ọ̀dà búlúù, férémù tí àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú bá mi kàn. Lánàá, ní àsáláátù, àwọn ìyá ṣe àlùwàlá, wọ́n fi iwájú orí tútù kanlẹ̀ lórí ẹní tuntun. Ká tó sálámà parí ìrun, ewé búlúù ti wà níwájú orí gbogbo wọn. Ọ̀kan ò yọ sílẹ̀.

Ohun tó tún bàjẹ́: orúkọ Látífàt, aránṣọ mi. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Àwọn tó mọ̀ ṣáájú: èmi. Látífàt. Awwal ọkọ mi, tó jókòó tó ń wò wá. Ọlọ́run.

Ohun tá a mọ̀: bí wọ́n bá tẹ ọ̀dà sáṣọ tán, áyọ́nù gbígbóná gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn aṣọ náà dáadáa kí ọ̀dà tó lè dì mọ́ ọn. Látífàt ló máa ń lọ̀ ọ́, òun ló máa ń rán an. NEPA mú iná lọ lọ́jọ́rú, jẹnẹrétọ̀ wa ò sì lè gbé áyọ́nù. Látífàt ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ á sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tàbí kí n kó o lọ sí Ìlàjẹ, màmá mi ní áyọ́nù eléèédú." Mo ní oòrùn ti tó. Mo ti fún Jẹ́nẹ́rà lọ́jọ́, mi ò sì kì í yẹ ọjọ́. "Ṣáà máa rán an."

(Jẹ́nẹ́rà ni Alhaja Sìmbíátù, Ìyá Àdínì wa. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti láyà láti pè wọ́n bẹ́ẹ̀.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Èyí tó burú jù, mi ò kọ ọ́ lánàá.

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Alhaja Rọ̀kíbátù na ìka sí ọ̀rẹ́ wọn: "Yéè, ẹ wo iwájú orí yín, ẹ ti di oko ìbẹ́pẹ!" Wọn ò mọ̀ pé tiwọn gan-an jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan gun ọ̀kan. Wọ́n bomi fọ̀ ọ́, kò lọ tán. Ó ràn mọ́ ìborùn funfun. Ẹ̀rín bá dákẹ́.

Jẹ́nẹ́rà dìde. "Akọ̀wé, kí lèyí?"

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo ní: "Ẹ má bínú, mà. Látífàt ló wà nídìí áyọ́nù."

Kì í ṣe irọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, mo kàn tò ó kó lè ṣiṣẹ́ irọ́.

Gbogbo orí yí padà pẹ̀lú ewé wọn. Látífàt wà lẹ́yìn, nídìí bàtà. Ó wò mí. Ó dúró — ó ń dúró de kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ká ẹní. Ó bá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi."

Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí. Mo kàwé ìṣòwò gba oyè méjì. Mo jẹ́ kí obìnrin kan kúnlẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Jẹ́nẹ́rà ní ẹni tí ò lè lọ aṣọ ò lè kọ́ ọmọlọ́mọ níṣẹ́. Kíláàsì ìránṣọ tí mọ́ṣáláṣí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fáwọn ọmọbìnrin ni wọ́n ń wí, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Látífàt ni wọ́n ti mú ṣe tíṣà ibẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú, n ò rí i kí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ra ìwé, ó ti ń fi rúlà fa ìlà sí i. Ọjọ́ Àìkú ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọn yóò kéde ẹlòmíì.

Ọjọ́rú, 8

Látífàt ò wá síṣẹ́. Kò pè. Èmi náà ò pè.

Ọjọ́ Jímọ̀, 10

Iná dé. Mo mú èyí tó ṣẹ́kù nínú àwọn ẹní yẹn, mo lọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ọ̀dà ò mira. Ọ̀dà ò lẹ́bi, aṣọ ò lẹ́bi.

Mo ṣe ètò: tún ogójì tẹ̀. Lọ̀ ọ́. Pín in ká. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó parí. Awwal ka ètò náà lórí tábìlì. "Ó dáa o, Madam Ètò. Orúkọ Látífàt ńkọ́? Férémù wo lo máa fi tẹ ìyẹn?"

Mo pòṣé sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Mo lọ sí Ìlàjẹ, ní Bàrígà. Mo ra áyọ́nù tuntun dání, nínú páálí ẹ̀. Màmá Látífàt ń yí ẹja lórí ààrò, èéfín gba gbogbo ojú ọ̀nà. Wọ́n fi aṣọ nu àga fún mi.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá ọmọ mi. Látífàt ò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀ yín ní rere."

Kò tíì sọ fún ìyá ẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Látífàt gbé omi wá, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. Ó wo páálí.

"Àǹtí, mo ní áyọ́nù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé — ogójì tuntun, ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa kó èso dání lọ bá àwọn ìyá. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ẹ ṣáà mọ ètò ṣe, mà. Àmọ́ kì í ṣe inú yàrá lẹ ti sọ tèmi. Níwájú gbogbo wọn ni. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ lọ."

Kò pariwo. Kò tiẹ̀ fajú ro. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ mú ẹja lọ fún Awwal. Mo gbé páálí yẹn padà nínú kẹ̀kẹ́, lórí ẹsẹ̀ mi, gbogbo èrò sì ń wò mí, tàbí ó ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12

N ò lọ sí àsáláátù. Mo ní orí ń fọ́ mi. Èyí ni irọ́ gidi.

Ọjọ́ Ajé, 13

Mo tẹ méjìlá. Ewé mẹ́ta wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mo lọ bá Jẹ́nẹ́rà nílé. Mo sọ gbogbo ẹ̀, láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ta ló ríná ní Fola Agoro lọ́sẹ̀ yẹn? Áyọ́nù wo ni Látífàt fẹ́ wà nídìí ẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ ti mọ̀, mà?"

"Kausarat, fetí sílẹ̀. Ìwọ lò ń bá wa kọ lẹ́tà. Ìwọ lò ń bá wa dé ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá fojú kékeré wò ẹ́, ta la ní? Látífàt á gbé e mọ́ra. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti mọ ẹrù. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n bu sóbò tútù fún mi. Mo mu ún.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún: ara tù mí. Láti àga yẹn títí dé ẹnu géètì, ara tù mí. Mo tiẹ̀ ń fohùn kékeré kọrin. Ìgbà tí mo dé títì ni mo gbọ́ ohùn ara mi.

Ọjọ́rú, 15

Mo sọ fún Awwal. Lónìí kò dápàárá. "Èmi náà jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ tó ní kó máa rán an. Mi ò sọ nǹkan kan." Ó dìde, ó lọ dúró ní fèrèsé.

Nígbà tí àwọn ìyá kọ́kọ́ rí ẹní wọ̀nyẹn, kí wọ́n tó kírun, wọ́n ní, "Ta ló ṣe èyí?" Èmi ni mo dáhùn. N ò dárúkọ ẹnì kankan mọ́ tèmi nígbà yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo ti fi í ránṣẹ́ sí Jẹ́nẹ́rà. Mo dà á kọ síbí kí n má bàa yí i padà:

"Àsàláámù àláékùm, Alhaja. Ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ tó kéde tíṣà, ẹ fún mi láyè láti bá gbogbo ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé Látífàt kìlọ̀ fún mi, èmi ni mo ní kó máa rán aṣọ tí a ò lọ̀. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ lójú gbogbo yín, kí ẹ sì dá kíláàsì náà padà fún un níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn yín, mà, n ò lè tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lésì kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀ lọ́la. Bí n ò bá gbọ́, màá dìde láìgbàṣẹ. Bí ipò akọ̀wé bá máa bá a lọ, ẹ gbà á. Kausarat."