Ibi Tí Ìyá Rẹ Fọwọ́ Tẹ̀

Òkè Baálẹ̀,
Òṣogbo.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Salmah ọmọ mi,

Àsàláàmù aláékùm. Mo kí ìwọ àti Abdullateef ọkọ rẹ ní Mínà. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ara Awwal sì le, kí eyín tí o ní ó ń hù ti yọ láìsí ibà. Èmi náà wà. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí. Bí o bá ti gbé e, ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ Awwal la máa ń sọ títí tí a ó fi dágbére. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Jọ̀wọ́ jókòó kí o tó kà á.

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgbóná ló ní kí n wá ya àwòrán inú ènìyàn sára ògiri kíláàsì sáyẹ́ǹsì wọn. O mọ̀ pé pátákó ìtajà ni mò ń kọ. N kò ya ìfun rí. Olùkọ́ wọn, Ìyáàfin Susannah Ọdúntán, ṣí ìwé kan, ó dúró tì mí, ó ń dárúkọ nǹkan bí mo ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì là á sílẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀ láàrin àyà. Àpòlúkù wà lápá òsì, níbi tí oúnjẹ ti ń rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ̀dọ̀ wà lápá ọ̀tún, òróòro sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìfun kékeré ká jọ sí àárín. Ó ní bí a bá nà án tán, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ògiri náà fúnra rẹ̀. Ìfun ńlá wá yí i ká bí férémù. Mo gbádùn iṣẹ́ náà. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi po ọ̀dà ẹ̀dọ̀ nìkan.

Ó kù díẹ̀ kí n parí, ó ní mo gbàgbé ohun kan. Níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní kí n ya nǹkan kan tó so rọ̀ síbẹ̀, tí kò ju ìka ọmọńdinrín lọ. Mo bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọ́n lè yọ ọ́, kó má sì dí èèyàn lọ́wọ́ ohunkóhun. Àmọ́ tó bá wú, ìdodo ni ìrora rẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò wá sọ̀ kalẹ̀ síbí. Tí wọ́n bá wá fún ẹni náà ní oògùn tó ń fọ inú, ó lè bẹ́. Àpẹ́ńdíìsì ni wọ́n ń pè é."

Mo ti gbọ́ orúkọ yẹn rí. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ lọ́dún méjì sẹ́yìn sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó ní ó ti bẹ́, pé ọyún ti kún inú, pé a pẹ́ kí a tó gbé e wá. Mo mi orí. N kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì bi í.

O kò sí nílé nígbà náà, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọjọ́ Sátidé ni ìyá rẹ lọ kí Fadékẹ́ àbúrò rẹ̀ ní Ìwàràjà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní ìdodo ń dun òun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó fọwọ́ tẹ apá ọ̀tún nísàlẹ̀, ó ní, "Ibí yìí ni." Èmi ni mo bi í pé, "Kí lo jẹ ní Ìwàràjà?" Ó ní iyán àti ọbẹ̀ olú. Mo ní olú náà ni. Mo fún un ní oògùn ìyàgbẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, mo tún bu òmíràn. Ó ní, "Bàbá Salmah, inú mi ò gbà á mọ́." Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi mu ún. Ní ọjọ́ kẹta, ìrora náà dáwọ́ dúró lójijì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní oògùn mi ti jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ikùn rẹ̀ ti le bíi pátákó.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ikú rẹ̀, àwọn ẹbí béèrè ohun tó jẹ gbẹ̀yìn. Mo ní, "Olú Fadékẹ́." N kò sọ pé májèlé ni. Wọ́n ti sọ ọ́ fúnra wọn kí ẹnu mi tó pa dé. Mo wà ní ìjókòó nígbà tí o sọ fún Fadékẹ́ pé kó má ṣe dé ibi ìgbéyàwó rẹ. Mo rí i bó ṣe mú báàgì rẹ̀ tó jáde. N kò dìde.

Lọ́jọ́ tí Ìyáàfin Ọdúntán sọ̀rọ̀ yẹn, mo kọjú sí ògiri padà. Mo ya nǹkan náà, mo kùn ún, Ìyáàfin Ọdúntán ní ó dára. Mo délé, mo jẹ ẹ̀bà, mo sùn. Mo ń retí pé n ó sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún kò wá. Títí di òní kò tíì wá. Ó dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé tó ti kú: mo mọ̀ pé tèmi ni, àmọ́ n kò mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ sí Ìwàràjà. Fadékẹ́ ń bó kókò lẹ́yìnkùlé. Òun nìkan ló ń dáná fún ara rẹ̀ báyìí. Tí ìnáwó bá wà nílé wọn, wọn kì í jẹ́ kó sún mọ́ ìkòkò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́. Kò dá ọ̀bẹ dúró. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ mọ̀?" Mo ní ó di ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ní, "Èmi ti mọ̀ láti ọdún méjì pé kì í ṣe olú mi."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní òun ti gbọ́. N kò fi agbára béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bu omi fún mi, mo mu ún. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ẹ ti sọ fún Salmah?"

Mo ti pe ẹbí méjèèjì sílé mi fún Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹnu tí mo fi dárúkọ olú náà ni n ó fi sọ pé èmi ni. Tí o kò bá fẹ́ wọ ilé mi fún ìgbà díẹ̀, n kò ní bi ọ́ ní ìdí. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹ̀bi mi wà lọ́rùn Fadékẹ́ mọ́. Tí irú ìrora bẹ́ẹ̀ bá sì mú ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ, má ṣe fún un ní ohunkóhun mu. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ.

Kí Ọlọ́run má ṣe fi àṣìṣe òbí dán ọ wò. Kí ó dá Awwal sí fún ọ, kí o dàgbà lójú rẹ̀, kí òun náà dàgbà lójú rẹ. Kí ó fi ọ̀run kẹ́ ìyá rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Mùyídéènì.

Mo tún rántí: nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà tí mo fẹ́ máa lọ, Fadékẹ́ pè mí padà. Ó ní nọ́ńbà òun kò yí padà.