Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Iná: Ìgbésí Ayé Baba Wa, Yísà Gàní, Ahunṣọ Pàkàtà

Agboolé kan ní Pàkàtà, nílùú Ìlọrin, ni a bí baba wa Yísà sí ní nǹkan bí ọdún 1870. Gàní ahunṣọ ni bàbá wọn. Talatu, ọmọ Gàmbàrí, ni ìyá wọn. Wọ́n ké Kùránì nílé kéú, wọ́n sì kọ́ òfì lọ́dọ̀ bàbá wọn.

Ní 1897, ọdún tí àwọn òyìnbó gbógun wọ ìlú, ni baba gbé ìyá wa Àbẹ̀ní níyàwó. Aṣọ tí wọ́n hun dé Ìbàdàn, ó dé Kánò. Bí aláìní bá kú ládùúgbò, àwọn ni wọ́n ń mú aṣọ funfun jáde.

Ní 1921, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n tọ̀sán-tòru, wọ́n ń rù, èèrà sì ń bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí. Dókítà ìjọba ní àtọ̀gbẹ ni. Ó kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn lè kú tipiri, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, kí wọ́n má sì rìn láìwọ bàtà. Baba rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ igi òfì láti kékeré.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1924, wọ́n bu omi láti orí iná, wọ́n fi ṣe àlùwàlá. Ìyá wa rí i tí awọ ẹsẹ̀ ọ̀tún ń bó.

“Baba Ràúdátù, omi yìí mà ń hó!”

“Mi ò mọ̀ ọ́n lára.”

Egbò náà rà. Dókítà gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún, iṣẹ́ òfì sì parí.

Láti ìgbà náà, ìyá wa a máa fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò kí baba tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n á nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì gbẹ, wọ́n á yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò, wọ́n á gbọn bàtà. Ẹsẹ̀ náà yè.

Ní 1927, ìyá wa lọ sí Ọ̀fà lọ tọ́jú Ràúdátù, àkọ́bí wọn, tí ó bímọ. Lẹ́yìn wọn ni ìṣó gún baba nínú bàtà. Nígbà tí baba rí ẹ̀jẹ̀, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi àkísà wé e, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e. Òórùn ni ó tú àṣírí nígbà tí ìyá wa dé.

“Èmi náà lẹ fi pamọ́ fún?”

“Àbẹ̀ní, ọ̀bẹ ni mo sá fún. Jẹ́ kí n gbé èyí tó kù dé sàréè.”

Ibà ti wọ̀ wọ́n lára. Dókítà kò rí nǹkan ṣe mọ́. Wọ́n jáde láyé ní òwúrọ̀ Jímọ̀.

A kò bo èyí mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, ẹ má fi egbò ẹsẹ̀ pamọ́ fún ará ilé yín.

Ìyá wa Àbẹ̀ní wà láyé, àti àwa ọmọ, Ràúdátù, Garba àti Asabe, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Èyí tí a bí sí Ọ̀fà kò mọ ojú baba.

Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n, kí Ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Baba wa, ẹ sùn ire.