Gọ́tà Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ọkọ mi ń gbọ́ ètò yín.

Aránṣọ ni mí. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni ọkọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi láti jíròrò ọ̀rọ̀ ayé: ogun, ooru, òkun tó ń kún. Ẹnikẹ́ni ló lè dá sí i, èmi náà sì máa ń dá sí i.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n sọ̀rọ̀ omíyalé títí ẹnu fi fẹ́ bó wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, gọ́tà iwájú ibí yìí ti dí. Ẹ jẹ́ ká jọ kó o ní Sátidé tó ń bọ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi! Mo yá ṣọ́bìrì káàkiri àdúgbò. Nígbà tọ́jọ́ pé, ẹnì kankan ò yọjú. Ọkọ mi gan-an ní ẹ̀yìn ń dun òun. Èmi nìkan ni mo kó ẹrẹ̀ yẹn tán. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ lóòótọ́!

Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ti pé, ẹ̀yìn ọkọ mi ti san. Wọ́n ní àkòrí ọjọ́ náà ni: "Kí ló dé táráyé ò ṣe nǹkan kan?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, inú ń bí mi o. Ṣé kí n ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ wọn ni, àbí kí n kó ṣọ́bìrì síwájú wọn, kí n wo ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde?