Òróró Tẹ́ Ẹ Fi Ń Pa Ọmú, Èmi Ni Mo Rọ Ọ́ Sígò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin Màmá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní Hor Al Anz nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, àyà mi kanlẹ̀. Mo kí Bàbá, mo kí Àǹtí Sàfú tó ń kà á fún yín. Bọ̀dá Múfú, ẹ̀gbọ́n mi, nìkan ni mi ò kí. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lọ̀rọ̀ kàn.

Ooru ibí ò ṣeé fẹnu sọ, èèyàn mẹ́jọ là ń sùn ní yàrá kan, ṣùgbọ́n gbogbo agbègbè Deira ló mọ ọmọ yín. Píràmárì fáìfù ni mo ti sá, mo sì ń ta òróró ìwòsàn fáwọn tó jáde yunifásítì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá kọ̀wé pé kí n fi páálí òróró mìíràn ránṣẹ́, pé ó ti ń ṣiṣẹ́ lára kókó tó wà lọ́mú yín. Nínú lẹ́tà kan náà, ó ní kókó ọ̀hún ò dùn yín, ó kàn ń tóbi ni, awọ ibẹ̀ ti rí bí èèpo ọsàn, orí ọmú sì ń wọnú lọ. Iṣẹ́ wo ló wá ń ṣe? Ó tún ní ẹ má dé ọsibítù, pé tí ọ̀bẹ bá kan jẹjẹrẹ, á fọ́n ká. Dọ́kítà ayédèrú! Ẹni tí ò mọ̀gbà tí ẹ̀wà jinná!

Mo lọ fọ́nnu fún nọ́ọ̀sì ará Íńdíà kan tó ń gbé òkè wa, pé òróró mi ń wo jẹjẹrẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó gbọ́ pé ìyá mi ló ń fi í pa ọmú, ẹ̀rín tán. Ó bi mí bóyá orí mi pé. Ó ní kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ, àmọ́ ojú lásán ò lè mọ̀: wọ́n á fi abẹ́rẹ́ yọ bíńtín níbẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, wọ́n lè gé e, wọ́n lè fa oògùn sí yín níṣan, wọ́n lè fi ìtànṣán ẹ̀rọ jó o. Ó ní ọ̀bẹ kọ́ ló ń fọ́n ọn ká, kéèyàn jókòó máa wò ó ni. Àìdùn rẹ̀ gan-an ló fi ń tan èèyàn.

Màmá, òróró irun ni. Mo rà á ní gálọ́ọ̀nù lọ́jà Al Ras, mo rọ ọ́ sígò ní kíṣìnì wa, mo lọ tẹ sítíkà ní Sharjah. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà lára sítíkà náà, ara páálí èso dàbínù la ti dà á kọ: ó ní kí wọ́n gbé e síbi tó tutù. Ẹ̀yin oníbàárà mi tẹ́ ẹ rà á l'Ékòó, tẹ́ ẹ ń ṣàdúrà sí i, òmùgọ̀ ni yín. Èmi tí mo tà á ni ọ̀gá òmùgọ̀, torí ọmú tó tọ́ mi dàgbà ló padà balẹ̀ sí.

Khalas, ó tán. Mo ti da tọ̀dọ̀ mi sí gọ́tà. Àǹtí Sàfú, ẹ mú Màmá lọ sí ọsibítù ńlá láàárọ̀ ọ̀la. Tí Bọ̀dá bá dínà, ẹ ka lẹ́tà yìí sí i létí, kẹ́ ẹ pariwo ẹ̀ kí àdúgbò gbọ́.

Nọ́ọ̀sì ní oògùn iṣan yẹn lè jẹ́ kí irun re. Kó re, Màmá. Tó bá hù padà, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ bu òróró mi pa á. Irun ló wà fún.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ mi pa ìyá mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ojúlé.

Èmi ni Kàmọ́rù, ọmọ yín.