Ẹni Tó Sún Mọ́ Ọn Jù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, kí o jókòó pẹ́ láyé, bó bá sì bá ọ lórí ìdúró, kí ẹsẹ̀ rẹ má yẹ̀. Ara mi le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni kò gbádùn.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún kà á fún ṣúmékà tí ilé wọn fara ti tiwa. O ní háídrójìn tí ẹ̀ ń yẹ̀ wò níbi iṣẹ́ ló kéré jù nínú gbogbo nǹkan, pé ẹnì kan jókòó sáàárín, ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ ẹlẹ́kítírónì sì ń yí i po. Ìwé àwọn àgbà ní ó níbi tí ọmọ náà lè sún mọ́ ọn dé, àmọ́ àwọn kan ní ọ̀nà mìíràn ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó bá wọ ibẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ẹni àárín lẹ́sẹ̀, háídrójìn á sì fún mọ́ra gbagidi bí aṣọ tí mo kì bọ àpò. Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń wá a, ẹ ò tíì rí i. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣúmékà bi mí pé ta ló lé ọmọ náà jáde nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi tí mo fi ṣi fọ́ọ̀mù kọ nílé ìwòsàn ojú. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá rẹ. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, mo bá kọ ṣúmékà, mo tiẹ̀ fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá péré ni. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọmọ wa ni kí n kọ. Mo ní ọmọ wo, èyí tí kò wálé láti ọdún mẹ́ta? Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pa orúkọ ṣúmékà rẹ́, ó kọ tìrẹ.

Dókítà ní ojú ọ̀tún lè má ríran mọ́. Bàbá rẹ kàn ní kí n bi ọ́ bóyá o ti ń dá irùngbọ̀n sí, òun fẹ́ wò ó kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

O tún kọ ọ́ pé kí ẹlẹ́kítírónì tó lè wọlé bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ju agbára púpọ̀ sílẹ̀. Bóyá ohun tó ń dá ìwọ náà dúró nìyẹn. Ọwọ́ òfìfo ni kí o mú bọ̀, ilé ṣáà làbọ̀ ìsinmi oko. Owó kan ṣoṣo tí mo ń bèèrè ni owó ọkọ̀, kí o san án fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kí o sì wọ ọkọ̀ náà.

Ohun tí ò ń wá kò ní fara pamọ́ fún ọ. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ní ọmọ kò lè sún mọ́lé ju bẹ́ẹ̀ lọ, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní ó lè sún mọ́ ọn.

Èmi ni, ìyá rẹ.