Bàbá Wa, Lazarus Ọlálérè, Wolé-wolé Tó Ya Máàpù Àgbàrá Ajégúnlẹ̀ (1924–1979)

Ìlú Ìlarò ni a ti bí Bàbá wa, Lazarus Ọlálérè, ní ọdún 1924. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá tó bí wọn; aláró ni ìyá wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ka ìwé mẹ́fà jáde, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ wolé-wolé ní Ìbàdàn. Ọdún 1952 ni wọ́n gbé Màmá wa, Dorothy Morádéún, níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní 1961, ìjọba gbé wọn wá sí Àpápá, a sì gba yàrá méjì lẹ́bàá Boundary ní Ajégúnlẹ̀. Bàbá wọ ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn ará àdúgbò tó máa ń sá fún wolé-wolé tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń pè wọ́n wá parí ìjà.

Bí òjò bá ti pọ̀, àgbàrá a máa gbé ẹ̀gbin ṣáláńgá wọ inú kànga, onígbáméjì a sì tẹ̀ lé e. Ní 1972, Bàbá àti Ọ̀gbẹ́ni Lucky tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ya máàpù àdúgbò náà. Wọ́n fi tàdáwà pupa kun ibi tí omi máa ń dé, wọ́n fi búlúù kun ibi gíga tí a lè kó oògùn àti nọ́ọ̀sì sí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yà á tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, ilé tí àwa gan-an ń gbé bọ́ sínú pupa.

Màmá ní, "Bàbá Oyèkànmí, ẹ jẹ́ ká kó kúrò níbí."

Bàbá dáhùn pé, "Tí wolé-wolé bá kọ́kọ́ kó, àwọn èèyàn á ní ìjọba ń bọ̀ wá wó ilé. Ta ló máa gba máàpù yẹn gbọ́ mọ́? Jẹ́ kí òjò ọdún yìí kọjá ná."

Òjò náà dé ní oṣù Keje 1974. Ìyá Chinyere tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, àti gbogbo àdúgbò, ti mọ ibi tí wọ́n máa sá lọ. Wọ́n gun òkè lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ tí máàpù fi búlúù kùn, wọ́n sì yè. Ṣùgbọ́n kí àwa tó jáde, Ìbídàpọ̀, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti mu omi kànga. Àwọn nọ́ọ̀sì sa gbogbo ipá wọn. Bàbá wà lápá Creek Road, wọ́n ń kó àwọn ẹlòmíràn jáde. Kí Bàbá tó dé, ọmọ ti kú lọ́wọ́ Màmá.

Ìjọba mú máàpù náà lò dé apá Kirikiri. Wọ́n pe Bàbá kí wọ́n wá gba ọpẹ́. Bàbá kò lọ. A kó lọ sí ibi gíga. Bàbá kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, àmọ́ wọn kò kọrin mọ́. Màmá kò sì dárúkọ Ìbídàpọ̀ létí wọn mọ́. Àwa ọmọ rò pé ìyẹn ló máa tù wọ́n lára. A ṣì í.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Bàbá bi Màmá pé, "Ìyá Oyèkànmí, ṣé o ti dárí jì mí?" Ẹkún kò jẹ́ kí Màmá sọ̀rọ̀. Màmá ní àwọn á padà wá lọ́sàn-án. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí Bàbá fi dákẹ́.

Bàbá fi Màmá sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú àwa ọmọ wọn, Oyèkànmí àti Ìbíjọkẹ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ méjì.

Màmá ní kí a kọ èsì wọn síbí: "Bàbá Oyèkànmí, ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì yín. Mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni."

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Kí Olúwa fún yín ní ìsinmi tí ẹ kò rí láyé.