Bí Mo Ṣe Kí Gbogbo Ará Péèjì Rẹ Tán

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n, Dókítà Kù-Díẹ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ìwé ńkọ́, yàrá ńkọ́, orí tí o fi ń kàwé ńkọ́? Ọlọ́run tó ń pa wá mọ́ nílé yóò pa ọ́ mọ́ níbi tí o wà. Ohun tí o wá lọ, wàá bá a bọ̀. Ara tèmi náà le, àfi ojú tó ń tì mí, ojú títì kì í sì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń ta oògùn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá ti ra ìgò kan mu.

Bírò ni mo fi ń kọ èyí nítorí pé o ti ti ilẹ̀kùn péèjì rẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ mi, mi ò sì dá ọ lẹ́bi. Ká ní èmi ni mo ní bàbá bíi tèmi, ǹ bá ti ti ilẹ̀kùn náà tipẹ́tipẹ́, ǹ bá sì tún fi pákó kàn án dábùú. Ìyá rẹ kí ọ. Láti ìgbà tí o ti pè é lórí fóònù ni kò ti bá mi ṣeré mọ́. Oúnjẹ ń dé o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ gbì ló ń gbé e síwájú mi, kì í sì í dúró gbọ́ ọpẹ́ mi. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó ń jò sórí tábìlì iṣẹ́, mo ti gùn ún lọ dí i, ó wá ń jò sórí àga tí mo ń jókòó sí.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, kí o má baà rò pé bàbá rẹ kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní kí òun lọ ba tìrẹ jẹ́. Ìwọ náà mọ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi, tí gbogbo wa ń pè ní Rọra-Tẹ̀-Ẹ́, torí pé ohun tó ń bẹ gbogbo oníbàárà nìyẹn. Òun ló bá mi ṣí péèjì tèmi. Ó ní kí n fi ìka tẹ ojú fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ti ìṣó wọ pákó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní wọ́n ń fẹ́ àwòrán mi, mo bá dé fìlà, mo lọ dúró níwájú wọ́dúróòbù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán. Nígbà tí àwòrán jáde, wọ́dúróòbù hàn kedere, fìlà mi nìkan ló kù ní igun ìsàlẹ̀. Ó ní kí á tún un yà, mo ní rárá, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ojú mi. Bó ṣe di pé gbogbo ará ibẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Wọ́dúróòbù nìyẹn, tí àwọn míì tiẹ̀ ń béèrè iye tí wọ́n ń tà mí.

Bí mo ṣe wọ péèjì rẹ báyìí, haa, mo bá èrò! Ilé kún fọ́fọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń sọ tẹnu wọn, wọ́n ń jáde lọ, bí ilé tí kò lágbà. Mo ní ó ti yé mi, àgbà ni wọ́n ń dúró dè. Ṣé a wá lè wọlé ọmọ ẹni ká má kí àwọn tí a bá níbẹ̀? Mo fa àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jókòó nínú àwòrán tirẹ̀, mo ní ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀, mo ní ẹ kú ìrìn, ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Ẹni tó gbé ọmọ tuntun, ẹ kú ọwọ́ lómi. Àwọn tó gbé àwo oúnjẹ sójú pọ̀ jọjọ, mo ní yóò gba ibi ire o, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ní kí n wá jẹ ẹ́. Ọ̀kan fi àwòrán ajá sí ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Mo ro ó títí, mo wá kí ajá náà pé ẹ kú ìṣọ́lé. Ẹ̀yin ni mo fi kí i o, torí mi ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀, irun rẹ̀ funfun báláú, ojú rẹ̀ hunjọ. Mo ní èyí kì í ṣe ẹni tí a ń kí lórí ìjókòó. Mo gbé fóònù ti ẹsẹ̀ tábìlì, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú lẹ́búlẹ́bú pákó. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ bá mi. Ó rò pé mo ti dákú ni, ló bá pariwo, ló bá da omi lé mi lórí, èmi àti lẹ́búlẹ́bú wá di ẹ̀kọ nílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni Rọra-Tẹ̀-Ẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá wo, ọmọ kíláàsì rẹ ni, fóònù ló fi sọ ara rẹ̀ di arúgbó, eré ló ń ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè fi ìgbálẹ̀ lé nídìí iṣẹ́ mi.

Kí n tó kí wọn dé ìdajì, fóònù ní òun ò gbà mọ́. Ó ní ìṣe mi kò jọ ti ènìyàn, àfi kí n kọ́kọ́ fi hàn pé ènìyàn ni mí. Ẹ gbà mí o! Èmi tí mo ń kí ènìyàn ni wọ́n ní n kì í ṣe ènìyàn, àwọn tí kò kí ẹnikẹ́ni ni wọ́n gbà lénìyàn. Ó kó àwòrán kéékèèké síwájú mi, ó ní kí n tọ́ka sí gbogbo èyí tí kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo tọ́ka sí kẹ̀kẹ́, mo rí alùpùpù kan tó dá dúró, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fi kún un, ó ní mo kùnà. Rọra-Tẹ̀-Ẹ́ ló bá mi yege níkẹyìn. Òun ló ṣe ẹlẹ́rìí pé ènìyàn ni bàbá rẹ.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ẹ̀rín lásán ni ì bá jẹ́. Àmọ́ o rántí ìgbà tí wọ́n tún fi owó kún owó ilé-ìwé yín, tí mo ní màá ta ẹ̀rọ tí ń fá pákó, tí o sunkún lórí fóònù pé bí mo bá tà á, ilé ni ò ń bọ̀. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Kò pẹ́ ni o tún pè pé màmá prófẹ́sọ̀ yín, ẹni ọ̀wọ̀ tó ń bójú tó ìwé ìwádìí rẹ, ti bá ọ wá iṣẹ́ sínú ilé-ìwé: wàá máa kọ́ àwọn àbúrò yín, wàá máa máàkì ìwé wọn, wàá máa ṣí láàbù, yàrá àyẹ̀wò yín, ní ìdájí, ilé-ìwé yóò sì yọ owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn rẹ. Gbogbo rẹ̀ ni o sọ. Etí mi ló mú èyí tó wù ú. Ó mú màmá prófẹ́sọ̀, ó mú pé owó ti kúrò lọ́rùn ọmọ mi, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ méjèèjì pọ̀, ó sì ju iṣẹ́ tó wà láàárín wọn nù.

Ó ṣẹlẹ̀ pé màmá náà wà lórí péèjì rẹ, ẹ jọ yàwòrán, wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ẹ ṣeun o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó àpò yín san owó ilé-ìwé ọmọ mi, àpò yín kò ní gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ sọ pé ẹ ṣé àná, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, mo tún lọ. Láràárọ̀, kí n tó gbá ṣọ́ọ̀bù, mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá prófẹ́sọ̀. Mo tiẹ̀ tún fi kún un lọ́jọ́ kan pé àbúrò rẹ náà ń bọ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n máa múra sílẹ̀.

Ohun tí o sọ fún ìyá rẹ, ó sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí, kò fi iyọ̀ dídùn sí i. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù ń béèrè ìdí tí prófẹ́sọ̀ fi ń sanwó fún ẹnì kan, tí wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ilé-ìwé, pé èèwọ̀ ni kí olùkọ́ máa fún ẹni tí yóò máàkì ìwé rẹ̀ lówó. Wọ́n pè ọ́, wọ́n pe màmá náà, àgbà tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ rẹ dúró títí wọn yóò fi wádìí rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá sì lọ, owó ilé-ìwé yóò padà sórí rẹ, ìwé tó ku orí kan ṣoṣo kó parí yóò wá kù síbẹ̀. Kù-Díẹ̀ tí a ń pè ọ́ tayọ̀tayọ̀, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di orúkọ gidi.

Ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ tún un ṣe. Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́! Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé PRÓFẸ́SỌ̀ YÌÍ KÒ FÚN ỌMỌ MI NÍ NǸKAN KAN RÍ. Lẹ́tà ńláńlá ni mo fi kọ ọ́ kí ojú mi lè rí i dáadáa, mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá kọ lẹ́tà ńlá níbẹ̀, igbe ló ń ké. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ta ló mú Bàbá Wọ́dúróòbù bínú. Ẹnì kan ní wọ́n ti halẹ̀ mọ́ mi ni. Òmíràn bẹ màmá prófẹ́sọ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá nǹkan fún bàbá yìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mi ò rí péèjì rẹ mọ́. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni, mo gun bẹ́ǹṣì, mo na fóònù sókè ọ̀run. Mo gbé e lọ bá Rọra-Tẹ̀-Ẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá rọra sọ pé fóònù ò bàjẹ́, ọmọ mi ló ti ilẹ̀kùn. Kò gbowó lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ìgbà yẹn gan-an ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ. Ìyá rẹ ló fi ọ̀rọ̀ kan dá mi jókòó. Ó ní bí oníbàárà bá sanwó àga tí mo kàn, tí ará àdúgbò wá ń kí i pé ó ṣeun tó ń bọ́ mi, kí ni màá ṣe. Mo ní òòlù ni màá fi lé wọn jáde. Ó ní ó dáa, ta ló wá ń dìde ní ìdájí lọ ṣí yàrá àyẹ̀wò. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́, mo gbé òógùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, mo sì ń dúpẹ́ lé e lórí láràárọ̀. Ó dùn mí dé egungun.

O ní fún ìyá rẹ pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò tún pè ọ́. Ìwé kejì wà nínú àpò ìwé yìí, fún àwọn àgbà ọ́fíìsì náà. Ìyá rẹ ló dúró lé mi lórí tí mo fi kọ ọ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ìkíni gba ojú ewé kan tán kí n tó dé ibi ọ̀rọ̀, ló bá fà á ya. Mo tún òmíràn kọ, ó fagi lé ẹ kú ojúmọ́. Èyí tó kù nìyí: èmi bàbá rẹ ni mo ṣì í lóye, màmá prófẹ́sọ̀ kò fún ọ lówó, iṣẹ́ ni ò ń ṣe, owó iṣẹ́ rẹ ló ń san owó ilé-ìwé rẹ, ẹ dárí jì wọ́n. Kò sí ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ rárá. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, àfi bí ẹni wọ yàrá àgbà tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá bàbá rẹ kò ní ẹ̀kọ́ ilé, sọ fún wọn pé ó ní, ilé ló gbàgbé ẹ̀ sí. Bí wọn ò bá sì gbà, má fi pamọ́ fún mi, ẹ̀rọ tí ń fá pákó ṣì wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, má sunkún dí mi lọ́wọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Mo mọ̀ pé ojú ò tì mí tó, àmọ́ bí o bá rí owó dátà díẹ̀, fi ránṣẹ́, kí o sì ṣí ilẹ̀kùn náà fún mi gbàgà, tàbí kí o ṣí i díẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni màá jókòó sí, màá máa wo àwòrán rẹ. Kódà bí ajá yẹn bá kọjá, màá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọlọ́run yóò fi ojú rere àwọn àgbà yẹn pàdé rẹ. Iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí, iwájú ni wàá máa lọ. O ò ní fi ẹnu èmi bàbá rẹ ṣubú. Ohun tó kù díẹ̀ yóò pé, ojú mi àti ti ìyá rẹ yóò sì rí i. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tòótọ́,
Káfíńtà.

Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí pa kí n tó rántí pé mi ò tíì ní kí o bá mi kí àwọn ènìyàn. Bá mi kí màmá prófẹ́sọ̀, kí o bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, àti ọmọ tó sọ ara rẹ̀ di arúgbó, àti... Rárá o. Fi wọ́n sílẹ̀. Má bá mi kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ń kí gbogbo ayé, ẹnì kan ni mo fò, ẹni náà nìkan ni mo sì fẹ́ kí báyìí.

Kú iṣẹ́, ọmọ mi.